Ọbẹ̀ Dúdú Tí Wattie Jẹ Lẹ́ẹ̀mẹta

Ẹni tó bá ní ojú nìkan ni ìfẹ́ ń fọ́ kò tíì rí nǹkan kan. Ìfẹ́ a máa di èèyàn létí, a sì máa gba ọgbọ́n lórí ahọ́n. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, báwo ni wọ́n ṣe máa kọ géńdé ọkùnrin sílẹ̀ lójú gbogbo ará ilé, tí òun á tún na àwo pé kí wọ́n bù kún un?

Ọ̀rọ̀ Halszka ọmọ Zenon Wierzbicki àti Wattie Dalgleish nìyí. Ẹ̀yìn òkè kọnkéré ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú kan lóṣù Keje ọdún 1975, Zenon mú ọmọ rẹ̀ lọ wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Nínú ọgbà hótẹ́ẹ̀lì kan tí kò jìnnà sí Peebles, àwọn ọmọ Poland tí ogun lé kúrò nílé gbẹ́ kòtò ràgàjì kan, wọ́n da kọnkéré sínú rẹ̀, wọ́n sì mọ gbogbo ilẹ̀ Scotland síbẹ̀, tòkè, tàfonífojì, tòun ti erékùṣù. Wọ́n wá fa omi yí i ká, omi yẹn ni òkun. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é kò ju ẹyọ kan lọ: ọpẹ́ ni. Nígbà tí ogun kó ilé lọ mọ́ wọn lọ́wọ́, Scotland gbà wọ́n. Nígbà tí ogun parí tí kò sí ilé tí wọ́n lè padà sí, Scotland ò lé wọn.

Zenon jẹ́ ọmọ ogun kó tó di káfíńtà. Òun ló mọ àwọn òkè apá àríwá ìwọ̀-oòrùn. Ọdún méjì gbáko ni kò fi sinmi lọ́jọ́ Àìkú, tó bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, á bọ́ kóòtù, á wọ bàtà ẹrẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́fà. Halszka nìkan ló kù tó ń bá a sọ èdè wọn nínú ilé.

Ọmọbìnrin náà ti pé ọdún mẹ́rìnlélógún. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń hun aṣọ onírun àgùntàn ló ń bá ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa fi ìka wá ibi tí òwú ti já lára aṣọ tuntun, kó fi abẹ́rẹ́ dí i padà tí ẹnikẹ́ni ò fi ní mọ̀. Ó ń rìn lọ létí kòtò náà lọ́jọ́ yẹn nígbà tó rí ọkùnrin pupa gíga kan tó ká ọwọ́ lẹ́rán, tó ń wo gúúsù ilẹ̀ náà bí ẹni tí nǹkan sọnù mọ́ lọ́wọ́.

"Òkè ẹ̀yìnkùlé wa ò sí níbẹ̀," ọkùnrin náà sọ.

"Òkè wo?"

"Èyí tí àgùntàn bàbá mi ń jẹ̀ lórí ẹ̀ nígbà ayé ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ odò yìí ló yẹ kó wà. Wọ́n ti rá a pẹrẹsẹ."

"Bóyá òkè yín kéré ni."

"Kéré? Wá gùn ún wò ná, ká mọ̀ bóyá o ò ní pe ìyá ẹ."

Halszka fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ti dé ẹ̀yìn wọn.

"Ta ló ní òkè òun ò sí?" ni Zenon bèèrè, pẹ̀lú èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ tó máa ń ta gìrì bí ọkọ̀ tí gíà rẹ̀ ti jẹ. "Ọ̀dọ́mọkùnrin, ilẹ̀ yín la fi ọwọ́ wa mọ yìí. Ohun tó kù nìkan lo rí sọ?"

"Ẹ má bínú, sà. Iṣẹ́ yín dára. Òkè wa ṣá ni ò sí."

Zenon yí ẹ̀yìn padà. Láti ọjọ́ náà ló ti sọ ọmọkùnrin náà ní Òkè-wa-ò-sí, kò sì pè é lórúkọ mìíràn mọ́. Nígbà tó tún gbọ́ pé ògiri òkúta ló ń mọ káàkiri oko àgùntàn, òkúta lórí òkúta láìsí sìmẹ́ńtì láàárín wọn, ó ní, "Ẹ wo ọkùnrin tí kò lówó sìmẹ́ńtì."

Ṣùgbọ́n Òkè-wa-ò-sí padà wá ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, Halszka náà sì padà wá. Kò sí ẹni tó bá ẹnì kejì ṣe àdéhùn. Halszka ní òun wá wo bí omi ṣe ń wọlé. Ọmọkùnrin ní òun wá tún òkè wọn wá. Irọ́ funfun báláú ni méjèèjì, inú wọn sì dùn sí i. Báyìí ni wọ́n ṣe ń pàdé títí ewé fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ sínú òkun kékeré náà. Wattie á máa pe orúkọ àwọn adágún àti erékùṣù fún un, Halszka á máa pè é tẹ̀ lé e, ọmọkùnrin á ní ó pè é bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Ọmọbìnrin á fún un ní ọ̀rọ̀ èdè Poland kan pé kóun náà pè é. Á gbìyànjú. Ẹyẹ á fò lórí igi.

Ní ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹwàá, bí wọ́n ṣe dúró tí wọ́n ń wo omi, ìka Halszka kan ìgbọ̀nwọ́ súwẹ́tà Wattie. Kò tilẹ̀ wo ibẹ̀. Ìka rẹ̀ rí ojú òwú tó já fúnra rẹ̀, bí ìka rẹ̀ ṣe ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́.

"Dúró," ló wí.

Ó yọ abẹ́rẹ́ tó máa ń gún mọ́ kọ́là kóòtù rẹ̀, ó sì ń dí i lára rẹ̀ níbi tó dúró sí. Wattie dúró gbagidi bí ẹṣin tí wọ́n ń kan bàtà fún. Ọkùnrin tó ń gbé òkúta tó wúwo ju àgbò lọ ò lè mí sókè, kó má baà da abẹ́rẹ́ rú. Nígbà tó dí i tán, Halszka tẹ̀ba láti fi eyín gé òwú náà, èémí rẹ̀ kan ọwọ́ ọmọkùnrin. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ ìfẹ́ kankan lọ́jọ́ náà. Àwọn méjèèjì ti mọ̀.

Nígbà tí yìnyín bo àwọn òkè kọnkéré, tí gbogbo ilẹ̀ Scotland funfun nínú kòtò tó sì funfun lẹ́yìn kòtò, Wattie ní, "Mo fẹ́ lọ bá bàbá ẹ."

Inú Halszka kọ́kọ́ dùn, ẹ̀rù wá gba ibẹ̀. "Bàbá mi ò fẹ́ràn ẹ."

"Ìyá mi náà ò fẹ́ràn rósárì tó wà lọ́rùn ẹ. Ó ní ìlẹ̀kẹ̀ Póòpù ni. Ṣé ká wá jókòó títí wọ́n á fi yí padà? Ìyá mi ò tíì yí ọ̀nà tó ń gbà se pọ́ọ́jì àárọ̀ padà láti ìgbà ogun."

"Wattie, gbọ́ mi. Mo lè fẹ́ ẹ láìsí owó, mo lè fẹ́ ẹ láìsí ilé. Mi ò lè kúrò nílé bàbá mi láìjẹ́ pé ó súre fún mi. Lọ́dọ̀ tiwa, ìyàwó àti ọkọ á kúnlẹ̀, òbí á gbé ọwọ́ lé wọn lórí kí wọ́n tó jáde lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Òun nìkan ni òbí tí mo ní. Ìyàwó tí wọn ò súre fún, àlejò ló ń jẹ́ níbikíbi tó bá dé."

Wattie ronú díẹ̀. "Àwa kì í kúnlẹ̀ o. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì tiwa, a máa ń jókòó gbàdúrà ni. Bàbá bàbá mi ní Dalgleish kan ò kúnlẹ̀ fún èèyàn rí."

"Ó ti yẹ kí ẹnì kan bẹ̀rẹ̀."

Alárinà ni wọ́n ń rán nírú ọ̀rọ̀ báyìí. Ẹni tó wà nítòsí ni Pani Genowefa, opó arúgbó tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé wọn. Pani ni wọ́n ń pe àgbà obìnrin láàárín ara wọn, ṣùgbọ́n ahọ́n ìyá yìí mú ju orúkọ àpọ́nlé lọ. Ó fi ìgò ọtí kan sábẹ́ apá, ó gun àtẹ̀gùn lọ bá Zenon, Halszka sì dúró sílẹ̀ létí ilẹ̀kùn, ó ń gbọ́.

"Ẹnì kan rí ẹyẹlé nínú ilé yìí, ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ máa tà á," ni Pani Genowefa wí.

"Ta ni?"

"Ẹ mọ ẹni náà."

"Òkè-wa-ò-sí?"

"Òun náà ni. Ẹ má sọ fún mi pé ẹ ò rí i. Ó ga ju ilé lọ."

Zenon gba ìgò ọtí náà, ó gbé e sórí tábìlì. Lẹ́yìn náà ló wí pé, "Ní kó wá lọ́jọ́ Àìkú. A máa gbà á lálejò bí àwọn baba wa ṣe ń gba irú ẹ̀ lálejò."

Halszka yọ̀. Ó ra rìbọ́ọ̀nù tuntun. Nígbà tó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Àìkú náà, òórùn fínígà àti èso gbígbẹ pàdé rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó sì rí ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ nínú garawa ẹnu ilẹ̀kùn. Ó ti mọ ohun tí bàbá rẹ̀ ń sè.

Láyé àwọn baba ńlá wọn, wọn kì í fi ẹnu lé ẹni tó wá tọrọ ọmọ. Ọbẹ̀ dúdú tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ sè ni wọ́n ń gbé ka iwájú rẹ̀. Bó bá ti fojú kàn án, ó ti mọ̀ pé wọ́n ti kọ òun. Á dìde láìjẹun, á dé fìlà, á bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àwọn tó wà nílé ní Poland gan-an ti fi àṣà yẹn sílẹ̀ tipẹ́. Zenon ò fi sílẹ̀. Ẹni tó bá jìnnà sílé ló máa ń di ohun tí ará ilé ti sọ nù mú ṣinṣin.

Wattie dé ní agogo kan, ó wọ kóòtù tó fi sin bàbá rẹ̀. Wọ́n jókòó sídìí tábìlì: Zenon, Halszka, Pani Genowefa. Zenon fọwọ́ ara rẹ̀ gbé àwo náà kalẹ̀, ọbẹ̀ dúdú bíi kòkò iná, makarónì ń léfòó lórí rẹ̀. Ó ká ọwọ́, ó ń retí kí ọmọkùnrin dìde.

Wattie gbóòórùn rẹ̀. "Ẹ̀jẹ̀ ni?"

"Ẹ̀jẹ̀ ni," ni Zenon dáhùn. "Ti pẹ́pẹ́yẹ."

Ẹ gbọ́ ná. Ọmọ àgbègbè yẹn tó bá ti ní eyín ti ń jẹ ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n dì sínú ìfun, pẹ̀lú ẹyin, láràárọ̀ Sátidé. Ta ló fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ dẹ́rù bà á? Wattie mú ṣíbí. Ó tọ́ ọ wò. Ó wo Zenon bí ẹni tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ọ̀run sílẹ̀ fún.

"Ìyá mi máa ń fi ti ẹlẹ́dẹ̀ ṣe tiwa," ló wí. "Ẹ má sọ fún un o, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ò dé ìdajì èyí."

Ó jẹ ẹ́ tán. Ó fi búrẹ́dì nu àwo. "Ṣé ó kù, sà?"

Pani Genowefa fi aṣọ inuwọ́ bo ẹnu. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Zenon dìde, ojú rẹ̀ pọ́n, ó bu òmíràn. Lérò tirẹ̀, alárinà ti là á yé ọmọkùnrin yìí, kò kàn gbà ni, ó ń fi àṣà àwọn baba òun ṣe yẹ̀yẹ́ lójú òun. Ó gbé e kalẹ̀ kan. Wattie tún jẹ ẹ́ tán. Nígbà tó na àwo lẹ́ẹ̀kẹta, Halszka wo ọwọ́ ńlá náà, eruku òkúta tí kò ṣí kúrò lábẹ́ èékánná rẹ̀ bó ti wù kó fọ̀ ọ́ tó, àánú àti ìfẹ́ rẹ̀ sì mú un lẹ́ẹ̀kan náà.

Lẹ́nu ọ̀nà, Wattie bọ Zenon lọ́wọ́. "Ẹ ṣeun, sà. Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ràn mi tẹ́lẹ̀. Mi ò ní gbàgbé oúnjẹ òní láé."

"Èmi náà ò ní gbàgbé," ni Zenon wí.

Halszka sìn ín dé ibùdókọ̀. Gbogbo ara ọmọkùnrin ń dán.

"Kò fẹnu sọ pé bẹ́ẹ̀ ni," ló wí, "àmọ́ ta ló máa pa odidi pẹ́pẹ́yẹ fún ẹni tó fẹ́ lé? Ìyá mi ò lè pa adìẹ tí ò bá tíì ṣàìsàn."

Halszka la ẹnu. Bọ́ọ̀sì dé. Ó pa á dé. Ó ní òun á sọ fún un lọ́la. Lọ́la dé, ó ní ó di Sátidé. Ọkàn rẹ̀ ń bá a jà lóru àti lọ́sàn-án: bó o bá sọ ọ́, ẹnu tìẹ lo fi kọ̀ ọ́. Bó ò bá sọ ọ́, kí lo fi ń dúró? Ó ń dí òwú tó já lára aṣọ oníbàárà, kò mọ ibi tí òun á ti bẹ̀rẹ̀ sí í dí ti ara òun.

Ọ̀rọ̀ ò dúró dè é. Wattie ti délé sọ fún ìyá rẹ̀ pé àwọn ará Poland pa pẹ́pẹ́yẹ fún òun, wọ́n sì bu oúnjẹ lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyá náà tó ti ń bá rósárì jà láti oṣù mélòó kan ronú sí i, ó ní ẹni tó bọ́ ọmọ òun yó bẹ́ẹ̀ kò lè burú tán. Ó lọ ra fìlà ìgbéyàwó, aláwọ̀ búlúù, tó ní ìyẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú kejì, pásítọ̀ wọn dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó ka ìkéde àkọ́kọ́ nínú mẹ́ta, pé Walter Dalgleish, Wattie gan-an, àti Halszka Wierzbicka, bí wọ́n ṣe ń pe Wierzbicki fún obìnrin, ń gbèrò láti fẹ́ ara wọn.

Ní ọjọ́ Ajé, oníbàárà kan bọ Zenon lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà rẹ̀, ó kí i kú oríire. Zenon fi ayùn sílẹ̀ sínú pákó, ó wá sílé.

"Mo kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta," ló sọ fún Halszka, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, ìyẹn sì burú ju ariwo lọ. "Ó lọ kéde ara ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Irú èèyàn wo nìyẹn?"

"Kò mọ̀, Bàbá."

"Kí ni kò mọ̀?"

"Ohun tí ọbẹ̀ yẹn jẹ́. Kò sí ẹni tó sọ fún un."

Zenon wò ó. "Ìwọ náà ò sọ fún un."

"Mi ò sọ."

"Nítorí kí ni?"

"Torí pé ó dùn mọ́ ọn lẹ́nu. Torí pé mo fẹ́ kó jẹ́ òótọ́."

Bàbá náà jókòó sórí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. "Lọ sọ fún un," ló wí. "Kí ìkéde kejì tó dé. Èyí tí ìlú ti gbọ́ yẹn ti tó."

Ẹ̀bá òkun kékeré náà ni Halszka ti sọ fún un. Kò wá ọ̀nà ẹ̀rọ̀, torí kò sí.

"Wattie, ọbẹ̀ dúdú yẹn, rárá ni. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọkùnrin sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa nìyẹn."

Wattie kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kú lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Lẹ́ẹ̀mẹta?"

"Lẹ́ẹ̀mẹta."

"Ìwọ náà wà níbẹ̀. O jókòó síwájú mi, ò ń wò mí."

"Mò ń wò ẹ́."

"Ìyá mi ti ra fìlà, Halszka."

Gbogbo ohun tí Halszka ti múra sílẹ̀ láti fi bẹ̀bẹ̀ fò lọ. Fìlà yẹn ló pa á lẹ́kún.

"Kí bàbá ẹ kọ̀ mí, mo lè fara mọ́ ọn," ni Wattie wí. "Bàbá ni. Àmọ́ ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń dunnú káàkiri ìlú bí òpònú, ìwọ nìkan lo sì mọ̀. O jẹ́ kí n dá yọ̀."

"Mi ò fi ẹ́ rẹ́rìn-ín."

"Mo mọ̀ pé o ò rẹ́rìn-ín. Ká ní o rẹ́rìn-ín ni, mi ò bá ti fura."

Ó dé fìlà rẹ̀, ó lọ. Ọjọ́ mẹ́wàá, Halszka ò rí i. Wọn ò ka ìkéde kejì.

Pani Genowefa pe Halszka wọlé, ó fún un ní tíì. "Ìwọ lọ sọ fún Zenon báyìí: ẹ ti fún àwọn èèyàn yìí ní òkè kọnkéré láti fi dúpẹ́, ẹ fi ọmọ kún un, kí oore pé."

Halszka gbé ife kalẹ̀. "Pani Genowefa, ẹ jọ̀ọ́. Èmi kì í ṣe ẹ̀bùn ọpẹ́. Ẹnikẹ́ni ò ní fi mí san oore tí wọ́n ṣe fún un."

"Ẹ̀n-ẹ́n, ẹnu ẹ ṣì ń ṣiṣẹ́. Kí ló wá dé tó o ń sunkún sórí tábìlì mi? Gbé ẹkún yẹn lọ bá ẹni tó ni ín."

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fẹ́ fọ òkun. Wọ́n á jẹ́ kí omi fà tán, wọ́n á ha èéhù kúrò, wọ́n á tún ṣí tápù ńlá. Zenon àti Halszka wà nísàlẹ̀ nínú kòtò, Pani Genowefa jókòó lókè pẹ̀lú fúláàsì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tápù. Zenon ti kìlọ̀ fún un pé tí agogo mẹ́rin bá ti lù, kó ṣí i.

Wọ́n ha èéhù pẹ́. Halszka ló kọ́kọ́ dúró.

"Bàbá, ìgbà wo ni àlejò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ onílé?"

"Nígbà tó bá fẹ́ máa lọ."

"Ẹ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà fún ọdún mẹ́rìndínlógójì. Ẹ wọ kóòtù, ẹ gbé báàgì lọ́wọ́, ẹ̀ ń dúpẹ́, ẹ ò sì lọ. Mi ò bá yín wí. Àmọ́ mi ò lè bá yín dúró níbẹ̀. Inú ilé ni wọ́n bí mi sí. Ta ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ilé tí wọ́n bí i sí?"

Zenon fi irin tó fi ń ha ilẹ̀ ti ara rẹ̀. Ó wo àwọn òkè tó mọ, kò wo ọmọ rẹ̀.

"Ìwọ lo kù tí mò ń bá sọ̀rọ̀," ló wí. "Ìyá ẹ ti wà lábẹ́ ilẹ̀. Ó ku Genowefa, òun kì í sì í jẹ́ kéèyàn sọ̀rọ̀. Tó o bá fẹ́ ọmọ ibí yìí, àwọn ọmọ ẹ á máa wo ẹnu mi bí ẹni ń wo rédíò tí ò mú ìkànnì. Màá wá kú sínú ilé tí ẹnikẹ́ni ò ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí mo sọ."

Halszka ò mọ̀ pé ohun tó wà nínú ọbẹ̀ dúdú náà nìyẹn. Ó rò pé ìgbéraga ni. Ó sún mọ́ bàbá rẹ̀, ó fi orí ti èjìká rẹ̀, èjìká náà ti rù ju bó ṣe rò lọ.

"Mi ò ní lọ láìjẹ́ pé ẹ súre fún mi," ló wí. "Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bí ẹ bá tiẹ̀ súre, mi ò mọ̀ bóyá ó ṣì fẹ́ mi."

"Ó ti wà lórí ògiri etí kòtò yẹn láti ìṣẹ́jú márùn-ún," ni Zenon wí.

Halszka yíjú. Wattie ló dúró létí kòtò, fìlà lọ́wọ́. Ó fò sílẹ̀, bàtà rẹ̀ dún nínú òkun gbígbẹ. Kò wo Halszka. Zenon ló lọ bá.

"Bàbá Halszka, ẹ kọ̀ mí, mi ò gbọ́. Ẹ̀bi yín kọ́. Mo wá kí ẹ fi ẹnu sọ ọ́ fún mi, kí n lè gbọ́ ọ dáadáa. Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́, màá lọ."

Zenon la ẹnu, ó tún pa á dé. Ọkùnrin tó ti ogun bọ̀ ò rí ọ̀rọ̀ kékeré kan sọ láìsí ọbẹ̀.

"Mo rò pé ò ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni," ló wá wí. "Nígbà tó o na àwo lẹ́ẹ̀kẹta."

"Ó dùn ni, sà."

"Ó dùn?"

"Ó ń dùn títí di ìsinsìnyí. Inú ń bí mi, ó sì ń dùn."

Nǹkan kan gbọ̀n nínú àyà Zenon, ó jáde ní imú. Ẹ̀rín ni, ẹ̀rín tó ti pẹ́ tí kò jáde. Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́, ó wá le padà.

"Bí ẹ bá bímọ, èdè wo ni wọ́n á máa sọ?"

Wattie ronú sí i, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń yí òkúta wò kó tó gbé e lé ògiri. "Èwo lẹ máa bá wọn sọ, sà?"

"Tèmi. Mi ò ní òmíràn tó dáa."

"Ìyẹn ni wọ́n á gbọ́, nìyẹn. Ilé tí mò ń wò ní ẹ̀gbẹ́ oko wa, yàrá mẹ́ta ló ní. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ tiyín, mi ò fi pa àgùntàn mọ́." Ìgbà náà ló tó kọjú sí Halszka. "Mo ṣì ń bínú díẹ̀ o."

"Ó tọ́ sí mi."

"Má tún jẹ́ kí n jẹ́ ẹni ìkẹyìn tó máa mọ nǹkan mọ́. Kódà tó bá burú. Pàápàá tó bá burú."

"Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́."

"Ìyá mi kọ̀, kò dá fìlà yẹn padà. Ó ní òun á máa wò ó ná."

Halszka fẹ́ dì mọ́ ọn, ṣùgbọ́n Zenon ti gbé irin rẹ̀ jù sílẹ̀, ó ń nu ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sára ṣòkòtò, gìrìgìrì, bí ẹni tí ẹ̀rù ń bà pé ọkàn òun lè yí padà.

"Ẹ kúnlẹ̀," ló wí.

"Níhìn-ín, Bàbá? Nísinsìnyí?"

"Mo ní ẹ kúnlẹ̀."

Halszka kúnlẹ̀ lórí kọnkéré tútù náà. Wattie wà lórí ìdúró. Gbogbo Dalgleish tó ti kú, tí wọn ò kúnlẹ̀ fún èèyàn rí, dúró lẹ́yìn rẹ̀. Halszka ò fa ṣòkòtò rẹ̀, kò bẹ̀ ẹ́. Ó wo iwájú, ó ń dúró. Nígbà tó yá, ó gbọ́ tí eékún ńlá méjì kan ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì.

Zenon gbé ọwọ́ lé wọn lórí. Ìyá ló máa ń súre yìí, kò mọ̀ ọ́n sọ, nítorí náà ló ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá: láti orí ìyá ìyá rẹ̀, abúlé tí wọ́n ti wá, afárá tí wọ́n fọ́, àwọn tó kù sọ́hùn-ún. Kò tíì dé ìdajì nígbà tí agogo mẹ́rin lù. Pani Genowefa tó ti ń wò wọ́n tó ń sunkún kì í ṣe ẹni tí ń gbàgbé ohun tí wọ́n rán an. Ó ṣí tápù.

Omi dé láti àríwá, ó gba àárín àwọn erékùṣù kọjá, ó sì débi eékún wọn. Omi odò òkè ni, òtútù rẹ̀ ń geni jẹ.

"Zenon," ni ìyá náà ké láti òkè, "òkun ti dé o."

Zenon gbé ọwọ́ kan sókè kúrò lórí Wattie pé kí òkun ṣe sùúrù, ó tún dá a padà síbẹ̀, ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

"Kí ló ń sọ báyìí?" ni Wattie sọ wúyẹ́wúyẹ́, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn.

Halszka fetí sílẹ̀ ná.

"Ó ń sọ orúkọ ẹ fún ìyá mi."

Wattie tẹ orí rẹ̀ sílẹ̀ sí i lábẹ́ ọwọ́ náà. Omi gun eékún wọn kọjá, kò sì sẹ́ni tó dìde.